Wákàtí Kan Láàárín Ọ̀sẹ̀: Lẹ́tà sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ Ìṣirò Lórí Ọ̀rọ̀ Tó Ń Jẹ́ Iṣẹ́

Sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ tó ń rí sí ètò ìṣirò ní Nàìjíríà (NBS), ní Àbújá, àti sí gbogbo olóòtú tó ń ka ìròyìn fún wa ní èdè Yorùbá.

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìkíni yìí ṣíde ọ̀rọ̀ mi ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tá a bá bá lẹ́nu nǹkan la máa ń kí pé ẹ kú iṣẹ́. Ìyá tó ń fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, a ó kí i. Ọmọbìnrin tó ń dirun fún àbúrò rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, a ó kí i. Àgbàlagbà tó ń hun agbọ̀n níwájú ilé, tí kò tíì mọ̀ bóyá yóò tà á tàbí yóò fi ta ẹnì kan lọ́rẹ, a ó kí òun náà. A kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń san fún un tàbí wákàtí tó ti lò nídìí rẹ̀ ká tó lanu. Tí ọwọ́ bá ti dí, ó tó. Ìtumọ̀ kan wà nínú ìkíni yẹn fún ọ̀rọ̀ náà "iṣẹ́", bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé òfin kankan, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbàkigbà tí rédíò bá pè é.

Olùkọ́ fisíìsì ni mí, nílé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn. Ohun tó gbé mi dìde láti kọ lẹ́tà yìí bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì tèmi kó tó dé ọ́fíìsì yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀bi tèmi.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo wà níwájú àwọn ọmọ SS 1. Mo kọ ọ́ sójú pátákó bí ìwé ṣe ní ká kọ ọ́: iṣẹ́ ni ipá tí a lò, tí a fi ìwọ̀n ibi tí nǹkan náà rìn dé ní ìhà tí ipá náà kọjú sí sọ di púpọ̀. Mo ní kí ọmọ kan jáde, kó gbé àpò ìwé lérí, kó dúró sójú kan. Ó dúró. Nígbà tó di ìṣẹ́jú márùn-ún, òógùn ti ń yọ níwájú orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Mo bi àwọn yòókù pé, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" Wọ́n pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní rárá o. Àpò náà kò kúrò níbi tó wà, nítorí náà òdo ni iṣẹ́ tó ṣe lórí rẹ̀. Mo ní kódà tó bá rù ú rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú dé ẹnu ọ̀nà, òdo náà ni, nítorí òkè ni ipá rẹ̀ ń ti ẹrù náà sí, iwájú ni ẹrù náà sì ń lọ.

Ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Sà, aláàárù ni ìyá mi ní ọjà Bódìjà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ṣé ẹ ń sọ pé wọn kì í ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́tàlá, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sì mọ ìyá náà. Mo ti pàdé wọn lọ́jà rí, òṣùká aṣọ àǹkárá tó ti ṣá lórí, àpò ìrẹsì kílò 25 lórí òṣùká, ọwọ́ kan lára àpò, ọwọ́ kejì ń la ọ̀nà láàárín èrò: "Ẹ yà fún mi o, ẹ yà, ẹrù ń bọ̀." Iṣan ọrùn wọn le bí okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́ tó ń fà sẹ́yìn.

Mo padà sídìí pátákó, a jọ ṣírò rẹ̀. Láti ilẹ̀ dé orí ìyá náà, ká pè é ní mítà 1.6. Àpò kílò 25, 400 joule ni iṣẹ́ tí gbígbé e sórí gbà. Látìgbà tó ti dórí títí dé ìdí mọ́tò oníbàárà, òdo. Mo wá fi nǹkan mìíràn tì í. Hóró ṣúgà kan tó wọn gíráàmù 4 ní nǹkan bí 67,000 joule nínú. Tó bá jẹ́ ìwé fisíìsì nìkan la fẹ́ gbọ́, hóró ṣúgà kan ṣoṣo yẹ kó tó gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ dé orí ní ìgbà tó ju 160 lọ. Ẹni tó bá ti ru ẹrù rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Akẹgbẹ́ mi obìnrin tó ń kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì gbọ́ ariwo wa láti kíláàsì kejì, ó sì yà wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní nínú ìwé tòun, ẹni tó dúró pẹ̀lú ẹrù ń ṣiṣẹ́ gidi. Ó ní iṣan ọrùn àti ti ẹ̀yìn kò dúró bí òpó ilé ṣe ń dúró. Àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ ń fà, wọ́n ń dẹ̀, wọ́n tún ń fà, láìsinmi, oúnjẹ tí èèyàn jẹ láàárọ̀ ló sì ń jó nínú wọn. Ibi tí òógùn ti ń wá nìyẹn. Òpó ilé lè ru òrùlé fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìjẹun, ọrùn èèyàn ò lè ṣe é fún wákàtí kan.

Báyìí ni kíláàsì kan náà gbọ́ ìtumọ̀ méjì lẹ́nu olùkọ́ méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú, àwa méjèèjì sì tọ̀nà. Tèmi ti wà láti ìgbà àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Faransé. Gaspard-Gustave Coriolis ló fi ìtumọ̀ náà múlẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1829. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń wá òṣùwọ̀n fún nígbà náà: báwo ni omi tí ẹ̀rọ yìí fà ṣe pọ̀ tó, báwo ló ṣe gbé e ga tó, èwo nínú ẹ̀rọ méjì ló yẹ ní rírà. Ẹ̀rọ tó dúró tí kò gbé nǹkan kan sókè, kò sí ìdí láti sanwó lé e lórí. Òṣùwọ̀n náà dára fún ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ó sì wúlò fún wa títí dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pè é, ẹnu àwọn èèyàn tó ń fi ọrùn àti ẹ̀yìn jẹun ni wọ́n ti yá a.

Irú nǹkan báyìí pọ̀ nínú ìmọ̀. Onímọ̀ ewéko á sọ fún yín pé èso ni tòmátì, ata rodo náà sì jẹ́ èso, nítorí láti inú òdòdó ni wọ́n ti ń jáde, wọ́n sì ní kóró nínú. Ní 1893, ẹjọ́ tòmátì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, nítorí pé òfin ibodè ibẹ̀ ń gba owó lórí ewébẹ̀, kì í gba lórí èso. Ilé ẹjọ́ gbà pé lóòótọ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko èso ni, àmọ́ wọ́n dájọ́ pé ewébẹ̀ ni lójú òfin, torí pé pẹ̀lú ọbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pe afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí à ń mí símú ní mẹ́táàlì, bí ẹni ń pe irin. Nínú gbogbo wọn, n kò rí ẹni tó parọ́. Oníkálukú gé ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe, bí télọ̀ ṣe ń gé aṣọ. Tòmátì kì í sì í bínú sí orúkọ tí wọ́n bá pè é.

Èèyàn ń bínú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín, Ọ̀gá wa.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, mo wà nínú bọ́ọ̀sì láti Ìwó Road nígbà tí rédíò kà á pé àìríṣẹ́ṣe ní Nàìjíríà ti di ìdá 4.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí a ti gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu àjọ yín, tó jáde ní oṣù Kẹta 2021, tó sì dá lórí oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2020, ìdá 33.3 ni. Awakọ̀ dín ohùn rédíò kù, ó wo àwa èrò nínú dígí, ó ní, "Níbo ni wọ́n ti pín iṣẹ́ náà? Ta ni wọ́n fún?" Ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé ẹsẹ̀ ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Títí a fi dé Mọ́kọ́lá, kò sẹ́ni tó gba nọ́ńbà náà gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì yẹn.

Àkọ́bí mi wà nílé lásìkò náà. Ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán lọ́dún méjì ṣáájú. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìròyìn yẹn, ó bá ẹnì kan to àga àti kánópì níbi ìnáwó ní Sátidé, wọ́n fún un ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Nǹkan mìíràn tó wọlé fún un lọ́sẹ̀ yẹn kò sí. Ó bi mí lálẹ́ pé, "Dádì, ṣé èmi náà wà lára àwọn tó níṣẹ́ báyìí?" Mo ní kó jẹ́ kí n lọ ka ìwé tí ẹ gbé jáde kí n tó dáhùn. Mo kà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí mọ ìdí, nítorí ó yé mi nígbà tí mo kà á, mo sì gbà pé yóò yé wọn. Ṣáájú 2014, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 40 lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni àjọ yín ń kà á sí. Láti 2014, ẹ sọ ọ́ di wákàtí 20. Ẹni tó bá ṣe wákàtí 20 sí 39, ẹ ní iṣẹ́ rẹ̀ kò tó. Ní 2023, ẹ gba òṣùwọ̀n tí àjọ àwọn òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, fẹnu kò lé lórí nínú ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Geneva ní 2013. Nínú èyí, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ fún owó tàbí èrè fún wákàtí kan péré láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ bi í léèrè, oníṣẹ́ ni. Kí ẹ tó lè pe èèyàn ní aláìríṣẹ́, wákàtí kan yẹn kò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti wáṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti wáṣẹ́ títí tó ti sú, tó jókòó, kò sí nínú àwọn tí ẹ kà sí aláìríṣẹ́. Òde ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí pátápátá.

N kò bá yín jà lórí wákàtí kan yẹn. Ẹni tó fẹ́ mọ gbogbo owó tó wọlé sínú ọjà kì í fi owó kékeré sílẹ̀ láìkà. Bí Gánà àti Gúúsù Áfíríkà bá ń fi òṣùwọ̀n kan wọn tiwọn, tí àwa ń fi òmíràn, a kò lè fi ara wa wé wọn. Òṣùwọ̀n wákàtí kan yìí kan náà ni Gúúsù Áfíríkà ń lò, tiwọn sì ń lé ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún dé ọdún. Nítorí náà ẹni tó bá ní ẹ hùmọ̀ òṣùwọ̀n náà kí nọ́ńbà lè kéré kò ṣe òótọ́ sí yín. Tiwa kéré nítorí bí a ṣe ń gbé ayé níbí. Kò sí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún ẹni tí kò níṣẹ́ bíi ti Britain. Ẹni tó bá káwọ́ lẹ́rán níbí, ebi ni yóò pa á. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ń káwọ́ lẹ́rán. Ẹni tó ní digíìrì ń gun ọ̀kadà, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ń ta omi inú ọ̀rá láàárín mọ́tò, wọ́n sì ń sọ fún yín tí ẹ bá bi wọ́n pé àwọn kàn ń fi lé ebi lọ ni. Ìwé yín fúnra rẹ̀ sọ ọ́: ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, ìdá 75.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó níṣẹ́ ló jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ìdá 11.8 péré ló ń gba owó oṣù. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí gan-an ló sọ bí ìlú ṣe rí. Wọn kò dé inú bọ́ọ̀sì Ìwó Road.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ ti ṣe é dáadáa rí. Nínú ìròyìn ti òpin 2020 yẹn kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 33.3, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí a bá fi òṣùwọ̀n àgbáyé wọ̀n ọ́n, ìdá 17.5 ni yóò jẹ́. Àwọn èèyàn kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, ìbéèrè kan náà, nọ́ńbà méjì. Ẹni tó bá rí méjèèjì lójú ewé kan á lóye lójú ẹsẹ̀ pé ìtumọ̀ ni àlàfo tó wà láàárín wọn. Á tún lóye nǹkan kejì: ìtumọ̀ nìkan kọ́ ló gbé wa láti 33.3 dé 4.1. Ibi tí ìtumọ̀ mú un dé ni 17.5. Ìyókù wá láti inú bí ẹ ṣe yí ìwádìí náà padà, bí ẹ ṣe ń yan ilé tí ẹ ń wọ̀, bí ẹ ṣe ń béèrè, iye ọjọ́ orí tí ẹ ń kà, àti pé ọdún Kòrónà ni 2020. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti 2023 jáde, a fi nọ́ńbà tuntun lé orí ti àtijọ́ bí ìgbà téèyàn fi kílò wọn ẹran ní àná, tó wá fi mítà wọ̀n ọ́n lónìí, tó ní ẹran ti dínkù. Inú ìwé yín ni àlàyé náà wà, mo rí i, mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ojú ewé, lọ́nà tí olóòtú tí wọ́n fún ní ogún ìṣẹ́jú láti fi kọ ìròyìn kò lè débẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Àgbẹ̀ kan wà tí mo mọ̀ lápá Ọ̀yọ́. Iṣu tó ń gbìn, ilé rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ tán. Nínú ìwé GDP, tí ẹ fi ń ka gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún, iṣu bàbá yẹn wọlé, nítorí òfin ìṣirò ọrọ̀ àgbáyé ní kí a ka ohun ọ̀gbìn tí èèyàn gbìn fún ẹnu ara rẹ̀. Nínú ìwé àwọn tó níṣẹ́, bàbá fúnra rẹ̀ kò wọlé, nítorí òṣùwọ̀n 2013 ní ẹni tó ń gbìn fún ilé ara rẹ̀ kò ṣe é fún owó tàbí èrè. Àjọ kan náà ló ń tẹ ìwé méjèèjì. Nínú ọ̀kan, iṣu wà; nínú èkejì, kò sí àgbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó gún iṣu náà kò sí nínú èyíkéyìí, àyàfi tó bá gún un tà fún ẹlòmíràn. Tí ẹ bá sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, ìwé tirẹ̀ tún yàtọ̀: òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, ẹni tó bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn nìkan ló ń pè ní òṣìṣẹ́, ó sì yọ ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ kúrò. Aláàárù Bódìjà kò sí níbẹ̀. Dókítà náà lè máà sí níbẹ̀.

Ẹ gbọ́, ìpàdé Geneva yẹn fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ jẹ́, wọ́n sì ní ohunkóhun tí èèyàn bá ṣe láti pèsè nǹkan tàbí ìrànlọ́wọ́, fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíràn, iṣẹ́ ni. Pípọn omi wà níbẹ̀, oúnjẹ sísè fún ọmọ wà níbẹ̀, ọ̀wẹ̀ tí a bẹ̀ fún àna wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ yẹn sún mọ́ "ẹ kú iṣẹ́" tiwa gan-an, inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gé apá kan jáde nínú rẹ̀, apá tí èèyàn ń ṣe fún owó tàbí èrè, wọ́n fún un ní orúkọ tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ẹ ń kà ni apá kékeré yẹn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé etí wa, "iṣẹ́" ni rédíò pe méjèèjì, ó wá so "àìríṣẹ́ṣe" mọ́ nọ́ńbà náà. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí àìríṣẹ́ṣe jẹ́: èèyàn ń wá iṣẹ́ tó lè gbọ́ bùkátà rẹ̀, kò rí i. Ọmọ mi tó to àga fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wà nínú àìríṣẹ́ṣe, bó ti wù kí ìwé Geneva pè é. Ẹ sọ fún un ní èdè ìyá rẹ̀ pé ó ti níṣẹ́, ó gbà pé ẹ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló sì wà láàárín iṣẹ́ àti ìṣẹ́ lédè wa. Èèyàn lè wà nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wà.

Mo ń bẹ̀ yín. Tí ẹ bá fẹ́ kéde nọ́ńbà, ẹ jẹ́ kí ìtumọ̀ ṣáájú rẹ̀, nínú gbólóhùn kan náà, lójú ewé àkọ́kọ́. "Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó níṣẹ́ tàbí tó ń wá a, mẹ́rin ni kò rí iṣẹ́ olówó fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ tó kọjá." Ẹ wò ó bí gbólóhùn yẹn ṣe yàtọ̀ sí èyí tí a gbọ́. Òótọ́ kan náà ni, kò bu àjọ yín kù, kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Ẹ dá àṣà 2020 padà, kí òṣùwọ̀n àtijọ́ àti ti tuntun máa jáde pọ̀ lójú ewé kan fún ọdún díẹ̀, kí a lè rí ohun tó yí padà láyé wa yàtọ̀ sí ohun tó yí padà nínú ìwé yín. Nígbà tí ẹ pe 4.1 ní 2023, ó yẹ kí ẹ ti pe 12.2 tẹ̀lé e, ìyẹn àwọn tó níṣẹ́ ní ìgbà kan náà tí wákàtí wọn kò tó, tí wọ́n sì ṣe tán láti ṣe sí i.

Kí ẹ sì gbé e jáde ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ìgbò, àti ní àwọn èdè yòókù tí àwọn tí ẹ kà ń sọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èdè wa kò gbà á. Láti 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Ífẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ jókòó tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè àti ti lítíréṣọ̀ ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fẹnu kò. Ẹ pe irú wọn jókòó fún ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ká ní èmi ni wọ́n bi, mo máa pe ti Geneva ní iṣẹ́ àṣegbowó, kí n pe ti àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ ní iṣẹ́ àṣejẹ, kí n wá fi àìríṣẹ́ṣe sílẹ̀ fún ohun tí àwọn èèyàn ti ń lò ó fún kí a tó bí èmi àti ẹ̀yin. Ẹ lè rí èyí tó dára ju ìwọ̀nyí lọ. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa ru ẹrù mẹ́ta láìjẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mọ èyí tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin olóòtú, díẹ̀ kàn yín níbẹ̀. Tí nọ́ńbà bá dé orí tábìlì yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́: kí lẹ kà, ta lẹ fi sílẹ̀? Ìbéèrè méjì yẹn tó.

Ọ̀gá wa, mo jẹ yín ní ìyókù ìtàn ọmọ aláàárù yẹn. Ní Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ kíláàsì yẹn, mo lọ wá ìyá rẹ̀ ní Bódìjà, nítorí ọmọ náà ti sọ fún wọn nílé, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí n fẹnu ara mi ṣàlàyé. Mo bá wọn nídìí ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́wà, àpò ẹ̀wà lórí. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ bá mi sọ̀ ọ́ ná." Mo bá wọn sọ̀ ọ́. Apá mi méjèèjì ń ta mí di ọjọ́ kejì. Mo ṣàlàyé ipá, mo ṣàlàyé òkè àti iwájú, mo sọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá òṣùwọ̀n fún ẹ̀rọ tó ń fa omi. Wọ́n ń fi etí òṣùká nu ojú, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí mo sọ tán, wọ́n ní, "Ó yé mi. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn nǹkan wọn. Kò burú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ pé ti ẹ̀rọ lẹ ń sọ, kẹ́ ẹ tó bi í."

Látìgbà náà, kí n tó kọ ipá, kí n tó kọ mítà, mo máa ń kọ ìlà kan sókè pátákó: "Iṣẹ́, bí ìwé fisíìsì ṣe ń wọ̀n ọ́n." Mo máa ń fà á nílà nísàlẹ̀. Kò tíì gbà mí ní ìṣẹ́jú kan rí.

Mo ń retí ìdáhùn yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ fisíìsì kan, Ìbàdàn.